Ẹrù Ò Gbọdọ̀ Dúró

Ìyá Àgbà tu ìrẹsì ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tú u wò, ó sì gbójú sókè wo aya ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé ìrẹsì lo sè ni, àbí ọ̀nà tí ọkọ rẹ ń bá wọn ṣe?"

Lọ́jọ́ mìíràn, Ìyá Ìbejì ì bá rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rín ò wá. Ó ti fi ọmọrí dé ìkòkò, ó fi aṣọ lé ọmọrí lórí, ó tún fi ọ̀rá we gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ eruku ráàyè wọlé. Eruku wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú ife, ó wà lára aṣọ àwọn oníbàárà tó rán tó sì fi kọ́ ara ògiri. Aṣọ tó gbà ní funfun lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ti pọ́n kí olówó rẹ̀ tó wá gbà á.

"Ẹ máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀, Ìyá. Ẹ ò gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú inú òfìfo."

"Kò níyọ̀, ó níyanrìn. Èwo ni kí n gbé mì níbẹ̀?"

Kí Ìyá Ìbejì tó dáhùn, tírélà kan kọjá. Ṣíbí dún nínú àwo, gílóòbù orí àjà jó lọ jó bọ̀, ògiri gbọ̀n. Gbogbo wọn dákẹ́ dè é. Ó ti mọ́ wọn lára: bí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu ènìyàn nínú ilé yìí, á dì í mú títí tírélà á fi kọjá. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bí ọ̀kan bá ti ń kọjá, òmíràn ti dé.

Ọ̀nà márosẹ̀ ńlá tó gba àárín ìlú kọjá ni ìjọba ń wó, tí wọ́n fẹ́ kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà náà ti gbó lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹrù tó ń ti èbúté bọ̀ kò lè dúró de ọ̀nà tuntun. Ni wọ́n bá darí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù gba àdúgbò yìí, títì kóńkóló tó jẹ́ pé nígbà kan, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì bá pàdé níbẹ̀, àwọn awakọ̀ á kọ́kọ́ kí ara wọn kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa yà fún ẹnì kejì. Báyìí, imú tírélà ló ń tẹ̀lé ìdí tírélà tọ̀sán-tòru. Àwọn ìbejì ilé náà ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn, nítorí ikọ́.

Bàbá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń so okùn bàtà. Ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kọngílá tó ń kọ́ ọ̀nà náà fún un. Àsíá rẹ̀ fara ti ògiri: ọ̀pá kan, ojú kan pupa, ojú kejì àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró ní kọ́nà ìsàlẹ̀ títì, kó máa fi àsíá darí àwọn tírélà kí wọ́n má bàa há. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di Alásíá báyìí, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ló ń bá a ṣàwàdà.

"Ẹ máa wo ojú ilé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bí ẹ bá ti rí wa pẹ̀lú àga Ìyá, ẹ gbé pupa sókè. Kí a ṣáà ti sọdá. Takisí á ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì."

Ó fa okùn bàtà le.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò dáhùn. Òní ni wọ́n máa bá Ìyá fọ kíndìnrín. Ìgbà tó kọjá, a ò ráyè débẹ̀, ẹ sì ń wo ẹsẹ̀ wọn. Bí ènìyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka ò padà kún mọ́."

"Ọ̀gá ní ẹrù ò gbọdọ̀ dúró." Kò gbójú sókè. "Ẹnì kan nínú wa dá wọn dúró lọ́jọ́sí nítorí àwọn ọmọ iléèwé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀."

"Nítorí ọmọ iléèwé!" Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. "Wọ́n lé e nítorí pé kò jẹ́ kí tírélà tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa, ẹ wá ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó ń kọ́ mi lọ́gbọ́n."

"Ta ló ń gbọ́ bùkátà ilé yìí láti ọjọ́ yìí wá? Ṣé àwọn oníbàárà yín tí aṣọ wọn pọ́n ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, kò sì ṣe é ṣà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fi òmíràn bò ó, tírélà kọjá, ó pa ẹnu dé.

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," Ìyá Àgbà wí jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá àwo iwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó mọ ẹni tí Ìyá ń gbèjà. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbé àsíá, ó jáde.

Nígbà tí oòrùn ti gòkè díẹ̀, awakọ̀ takisí pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù. Ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì, ní òdìkejì títì. Kò lè wá sí ìhín, ó ní bí òun bá fi imú ọkọ̀ òun sáàárín àwọn tírélà wọ̀nyẹn, imú nìkan kọ́ ni wọ́n máa gbá lọ.

Wẹ́dà tó ń jó irin ní ilé kejì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bá a gbé Ìyá. Wọ́n gbé e jókòó sínú àga rọ́bà, Wẹ́dà di ẹ̀yìn mú, Ìyá Ìbejì di iwájú mú, wọ́n gbé e débi tí títì ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí.

Tírélà ń lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń sáré, ì bá tilẹ̀ sàn kí wọ́n máa sáré, nítorí ẹni tó ń sáré á fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Wọ́n ń wọ́ ni, wọ́n ń mí èéfín dúdú, wọn ò sì fi àlàfo tí ewúrẹ́ lè gbà sílẹ̀. Bí àlàfo bá fẹ́ yọ, èyí tó wà lẹ́yìn á ti fi bọ́ńpà dí i, nítorí pé ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀ lójú títì yìí, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọdá báyìí!" ni Oníbúrẹ́dì ké láti òdìkejì. "Ẹ yára! Ó tì o, ẹ dúró! Ẹ dúró! Olórí burúkú, ṣé o ò rí arúgbó ni?"

Awakọ̀ tó bú kò gbọ́. Fèrè ọkọ̀ ló fi dá a lóhùn.

Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ sókè sí kọ́nà. Ó rí ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà kedere, ó sì rí i pé ojú ọkọ òun kọ sí òun. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọkọ rẹ̀ wò ó fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí síta, ó yí ojú sí ibòmíràn. Àwọ̀ ewé ló wà lókè.

Àwọn aládùúgbò tó jókòó síwájú ilé wọn rí i pẹ̀lú.

"Ọkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni. Ṣé kò rí wọn ni?"

"Ó rí wọn. Ṣé ojú ló ń dùn ún? Owó oṣù ló gbé sókè yẹn."

"Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Ẹni tí ò ríṣẹ́ ló mọ iṣẹ́ tó dáa."

Ìyá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀. Fóònù dún títí kó tó gbé e.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀," ni ohùn ọkọ rẹ̀ wí lábẹ́ ariwo. "Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ló ń já ẹrù lónìí. Bó bá dẹ̀ díẹ̀, mo máa..."

"Kò ní í dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò ní í dẹ̀."

Ìyá Ìbejì yíjú wo àga rọ́bà.

"Ìyá yín ló wà nínú oòrùn yìí," ni ó wí, ó pa fóònù.

Èémí Ìyá Àgbà ti ń kúrú. Kò sọ pé ó ń ni òun lára, kì í sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ìyàwó mi. Bó dọ̀la a tún lè lọ." Awakọ̀ takisí náà pè, ó ní ẹni mìíràn ń dúró de òun, òun ò lè gbé ibẹ̀ di ọ̀sán. Wẹ́dà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì fi wọ́n sílẹ̀, ó wọ inú ilé lọ. Nígbà tó jáde, tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí ló ń wọ́ bọ̀, tábìlì pákó gbọọrọ tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Rúlà rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni Wẹ́dà bèèrè.

Kòtò kan wà níwájú ilé wọn gan-an tí àwọn tírélà ti gbẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì máa ń rọra gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí ọ̀kan jáde nínú rẹ̀, tí èyí tó tẹ̀lé e sì ń fa ara rẹ̀ bọ̀, ni Ìyá Ìbejì ti tábìlì náà bọ́ sójú títì, ó sì gun orí rẹ̀ jókòó.

"Wọ́n á tẹ̀ yín pa o!"

Bíréèkì ké. Atẹ́gùn já láti abẹ́ tírélà náà bíi pé ilẹ̀ ló fọhùn. Orí ọkọ̀ náà dúró síbi tí Ìyá Ìbejì lè nàgà kó fọwọ́ kan iná rẹ̀. Awakọ̀ yọ orí jáde, gbogbo èébú tó mọ̀ ló dà sílẹ̀, ó tún wá yá díẹ̀ kún un. Ìyá Ìbejì ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀kan fun fèrè lẹ́yìn, èyí tó tẹ̀lé e fun, fèrè ń tẹ̀lé fèrè lọ sísàlẹ̀ títì títí wọ́n fi ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí nǹkan ń ké nínú ìlú mìíràn.

Bàbá Ìbejì sáré dé, àsíá lọ́wọ́, òógùn lójú. Rédíò ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ ń pariwo ní ìbàdí rẹ̀. Ohùn Ọ̀gá Alákoto ni, ẹni tó ń bójú tó gbogbo wọn.

"Kí ló dé? Ta ló dá wọn dúró? Alásíá, ẹrù ò gbọdọ̀ dúró!"

"Ẹ dìde," ni Bàbá Ìbejì wí fún ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Kò bú u. Bó bá bú u ni, ì bá rí nǹkan fi dá a lóhùn. Bàbá Ìbejì yí ojú sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà nínú àga rọ́bà, tí aṣọ orí rẹ̀ ti yẹ̀, tí ẹsẹ̀ wíwú méjèèjì ò sì wọ bàtà.

"Alásíá! Ta ló wà lójú títì?"

Ó yọ rédíò náà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìyàwó mi ni, ọ̀gá." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Àti èmi náà."

Ó gbé rédíò náà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú àga. Kò rí ibi tó máa gbé àsíá sí, ni ó bá fi sórí itan ìyá rẹ̀. Òun àti Wẹ́dà gbé e.

"Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ níbi tó gbé wúwo!" ni Oníbúrẹ́dì ké láti òdìkejì. "Ẹ kú iṣẹ́!"

Láàárín títì, Ìyá Àgbà gbé àsíá náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, pupa níwájú, ó sì yí i sí awakọ̀ tó ń bú wọn. "Dúró níbẹ̀," ni ó wí. Awakọ̀ náà dákẹ́ èébú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ó fi orí bọlẹ̀ fún un bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Takisí gbé Ìyá Àgbà àti aya ọmọ rẹ̀ lọ. Bàbá Ìbejì àti Wẹ́dà gbé tábìlì kúrò.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni Ọ̀gá Alákoto. Ìyẹn ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Ó dé lórí alùpùpù, ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀, fóònù rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"Ohun tí o ṣe yìí, ó ti dé èbúté," ni ó wí. "Wọ́n ń pariwo lé mi lórí. Ṣé o mọ ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ǹténà yẹn? Oúnjẹ wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ ń lọ gan-an, ibo lo rò pé nǹkan tí wọ́n ń lò ti ń wá?"

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"O mọ̀, o wá ṣe é?"

"Ìyá mi ni."

Ọ̀gá Alákoto wo ilẹ̀. Fóònù rẹ̀ tún dún, ó pa á. Bàbá Ìbejì kò dúró kí wọ́n sọ fún un. Ó bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, ó ká a dáadáa, ó fi lé orí alùpùpù.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ tó yẹ kó jẹ́ ti Ìyá Àgbà. Wọ́n jókòó títí ẹ̀yìn fi ń dun Ìyá Ìbejì tó jẹ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n tó rí àyè. Wọn ò sì fọ̀ ọ́ tán. Ìdajì ni wọ́n rí ṣe, nítorí àwọn tó kàn lẹ́yìn.

"Nígbà tó ń bọ̀, ẹ tètè máa jáde nílé," ni nọ́ọ̀sì wí. Kò wí i pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Ìbejì wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì yí ojú sí ògiri kí omijé tó wá má bàa rí ẹni kí.

Nígbà tí wọ́n padà dé, oòrùn ti ń lọ sílé. Takisí dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ò kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ títì méjèèjì, orí dé orí, gíga dé ìbàdí ènìyàn, láti kọ́nà títí dé ibi tí ojú ò tó. Kiréènì tó ń gbé wọn kalẹ̀ ṣì wà lókè títì. Àárín búlọ́ọ̀kù méjèèjì, àwọn tírélà ń lọ geere. Alásíá tuntun kan ti wà ní kọ́nà.

"Wọ́n ní nítorí ààbò wa ni," ni Oníbúrẹ́dì wí. Kò ké ẹ kú iṣẹ́ mọ́. Ó jókòó ti búrẹ́dì tí ò tà, ojú rẹ̀ le. "Láàárọ̀, a ṣì ń rí àlàfo sá gbà. Ta ní máa fo ìyẹn wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi? Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba jà, kó máa ro ti aládùúgbò mọ́ tirẹ̀."

Ìyá Ìbejì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Bàbá Ìbejì ti rí takisí. Ó fo búlọ́ọ̀kù ìhà ilé, ó dúró de àlàfo, ó sáré, ó fo ti ìhà kejì. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé wọ́n ṣe é?"

"Ìdajì."

Ó mi orí. Ó wo àga rọ́bà tí wọ́n ti gbé Ìyá sí, tí ò lè gba ibì kankan kọjá, ó wo búlọ́ọ̀kù, ó wá lóṣòó síwájú ìyá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ẹ gùn mí, Ìyá."

"Kí o pọ̀n mí? Lójú gbogbo ayé?"

"Ẹ gùn mí."

Ìyá Ìbejì tú ìborùn rẹ̀, ó gbà á mọ́ ìdí Ìyá Àgbà, ó so ó mọ́ àyà ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so ọmọ. Ó tì wọ́n láti ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ fi orúnkún gun kọnkéré, ó dìde dúró lórí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń wò ó. Ọ̀kan kọjá, èkejì kọjá. Ẹ̀kẹta dúró. Kò sẹ́ni tó fi àsíá hàn án. Ó dúró ni, ó gbé ojú síwájú, ó sì fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n yára, kò wò wọ́n rárá. Fèrè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n sọdá. Wẹ́dà na ọwọ́ láti ìhà ilé, Ìyá Ìbejì ń fi èjìká tì wọ́n sókè. Bàbá Ìbejì ti kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ láti gun búlọ́ọ̀kù kejì, ó mí kanlẹ̀, ó gbé ara, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú síwájú, nítorí agbára tó kó jọ pọ̀ ju ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó dúró lórí kọnkéré náà. Ó fọwọ́ wá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé mo wúwo?" ni Ìyá Àgbà bi í létí.

"Ẹ wúwo, Ìyá," ni ó wí. "Ẹ wúwo gan-an."